Ọkọ̀ àlòkù mi ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mò ń gbé, gàrí àti àgbàdo ni mo sì ń kó lọ tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Toyota Corolla ọdún 2005, ẹ́ńjìnnì 1.8, tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà wá sí Kútọnu, ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́ta. Nígbà tí iná epo bá tàn, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì ti kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, ni mo máa ń rọ sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì máa ń wọlé. Tẹ́lẹ̀, epo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ gbé mi bọ̀ nígbà mẹ́ta. Láti bí oṣù mẹ́jọ, ìgbà kejì kì í pé kí iná tó tún tàn. Wọ́n ti pààrọ̀ bùjí (plug tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì), wọ́n ti fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kò yí padà. Ẹni tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe wá ní kí n ra pọ́ǹpù epo àti ìńjẹ́kítọ̀ (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) mẹ́rin, owó rẹ̀ sì ju èrè oṣù méjì mi lọ. Mo tún ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí wọ́n ti tún rédíétọ̀ ṣe, ní bí oṣù mẹ́jọ náà, ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kì í dé àárín mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyẹn dára, pé ara ẹ́ńjìnnì tutù ni. Ṣé kí n ra ohun tí wọ́n ní kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, ìyá wa, ẹ sì kú ojú ọ̀nà. Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù, ẹ má sì tíì ra ìńjẹ́kítọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn, nípa ọwọ́ ooru tí kì í dé àárín mọ́, òun gan-an ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó jọ pé ẹni tó tún rédíétọ̀ yín ṣe ti yọ thermostat kúrò, tàbí kó jẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ ti la ẹnu sílẹ̀ tí kò lè pa á dé mọ́.

Thermostat jẹ́ ìlẹ̀kùn kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ó máa ń tì, kí omi lè máa yí po inú ẹ́ńjìnnì nìkan, kí ó sì tètè gbóná; nígbà tí ooru omi náà bá dé nǹkan bíi 80 sí 90 ní ìwọ̀n Celsius, ó máa ń ṣí, kí omi lè gba inú rédíétọ̀ kọjá lọ tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ooru ẹ́ńjìnnì má kéré jù, kí ó má sì pọ̀ jù. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi á máa lọ sínú rédíétọ̀ láti ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti ṣáná sí ọkọ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà Pobẹ̀ á sì máa fẹ́ sí i láti iwájú, ẹ́ńjìnnì á wá rìn dé Àjàṣẹ́ láìgbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ ooru omi náà fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí ó bá ń sọ fún un pé ara ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, kọ̀ǹpútà á máa fi epo kún epo, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná, nítorí kì í ṣe gbogbo epo ló ń di afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tó tutù. Lára epo àpọ̀jù yẹn á jáde pẹ̀lú èéfín, òmíràn á ṣàn sínú òróró ẹ́ńjìnnì, á sì bà á jẹ́. Nítorí náà, ohun tí wọ́n pè ní ire fún yín yẹn, epo ló ń jẹ, ó sì ń gé ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì kúrú.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá, nítorí ó pọ̀ láàárín àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, èmi náà sì ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi kí n tó mọ ohun tí mò ń bàjẹ́. A máa ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé àwọn òyìnbó ló fi í sí ọkọ̀ nítorí òtútù wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí oòrùn Kétu bá mú títí, afẹ́fẹ́ kò ní ju bíi 38 lọ, nígbà tó jẹ́ pé ooru tí ẹ́ńjìnnì nílò sún mọ́ 90. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ṣì pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, rédíétọ̀ lè ti dí, fáànù lè má ṣiṣẹ́, omi lè máa jò, tàbí kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Yíyọ thermostat kò wo èyíkéyìí nínú wọn sàn, ńṣe ló kàn ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ní àárọ̀, kí ọkọ̀ tó lọ ibikíbi, ẹ ṣáná sí i kí ó dúró lójú kan, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọwọ́ jìnnà sí fáànù nítorí ó lè ṣàdédé yí, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Bí thermostat bá wà tó sì dára, ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ á wà ní tútù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ni á gbóná lójijì. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlẹ̀kùn náà kò sí níbẹ̀ tàbí kò tì. Bí ẹ bá ra tuntun, kí wọ́n tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi okùn so ó, kí ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọ́dọ̀ ti la ẹnu kí omi tó hó, bí ẹ bá sì yọ ọ́ tó tutù, ó gbọ́dọ̀ pa ẹnu dé. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ṣùgbọ́n èmi kò rò pé thermostat nìkan ló jẹ gbogbo epo tí ẹ ń wá yìí. Kí a tó wá èyí tó kù, ó yẹ kí a mọ iye epo tí ọkọ̀ ń mu ní tòótọ́, nítorí ìṣirò kẹ́ẹ̀gì yín kò dá mi lójú. Táńkì Corolla yín kò gbà ju lítà 50 lọ. Nígbà tí iná epo bá tàn, ó ṣì ku lítà bíi mẹ́fà tàbí méje nínú rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì “25” méjì bá wá wọlé tán láìṣẹ́kù, a jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì náà kò pé 25. Kì í ṣe ọkọ̀ ló mu ohun tó dín níbẹ̀, inú ọjà ló ti dín.

Fún ìdí èyí, ẹ lọ sí ilé epo tó ní pọ́ǹpù, kí wọ́n rọ epo títí tí ẹnu pọ́ǹpù á fi dá ara rẹ̀ dúró, kí ẹ sì kọ òǹkà ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ Àjàṣẹ́, ẹ bọ̀, kí ẹ tún padà sí pọ́ǹpù kan náà kí wọ́n rọ ọ́ kún bákan náà. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni tiyín, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Ká ní òǹkà fi 132 kún ti àtẹ̀yìnwá, kìlómítà bíi 212 nìyẹn. Bí lítà 23 bá wọlé, ẹ pín 23 sí 212, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: lítà bíi 10.8 ni ọkọ̀ ń mu lórí 100 kìlómítà. Irú Corolla yìí, bí ara rẹ̀ bá dá, kò yẹ kó ju 7 sí 8 lọ. Ẹ jẹ́ kí a gba 9 fún un nítorí àpò gàrí. Ẹ ṣe ìwọ̀n yìí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dè thermostat tuntun, kí ẹ sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, bíréèkì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Eruku pupa ọ̀nà oko wa máa ń wọ inú irin tí bíréèkì fi ń rìn síwá sẹ́yìn, á mú un há, bíréèkì á wá máa di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú nígbà tí awakọ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti rìn fún bí ìdajì wákàtí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra dúró láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí ẹ sì na ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi kàn wọ́n. Èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ ni kí wọ́n gbé sókè pẹ̀lú jáàkì kí wọ́n sì fọwọ́ yí i. Fífọ irin náà àti fífi gíríìsì sí i kò wọ́n rárá.

Ní ti táyà, ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ló ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n Amẹ́ríkà (psi) ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 30 níbẹ̀, bíi 2.1 nìyẹn lórí ìwọ̀n bar tí àwọn tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ ń lò lọ́dọ̀ wa. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́, kí táyà tó gbóná.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí asẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn án. Lórí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ní kabúrétọ̀, asẹ́ tó dí lè mú kí ọkọ̀ mu epo lóòótọ́. Lórí ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń bu epo fún bíi tiyín, agbára ló máa ń dínkù, epo kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí kọ̀ǹpútà ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé kí ó tó bu epo. Ohun tó kàn mí jù ni pé wọ́n fọ tiyín. Asẹ́ tí wọ́n fi bébà ṣe kì í ṣe ohun fífọ̀; omi á mú kí ó fàya, eruku á sì bá ibẹ̀ wọlé lọ bo ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn afẹ́fẹ́. Ẹ ra tuntun.

Kí ẹ tún ní kí wọ́n ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ pa mọ́. Ojú ìsopọ̀ oníhò 16 wà lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ọkọ̀ wà. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní i. Bí ó bá sọ P0128, omi ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó, ọ̀rọ̀ thermostat náà nìyẹn. Bí ó bá sọ P0172, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà náà ni kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ tí ń tọ́ èéfín wò. Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ láìṣáná, kí ẹ wò ó bóyá iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú pátákó. Bí kò bá tàn, gílóòbù rẹ̀ lè ti jó, ẹlòmíràn sì lè ti yọ ọ́ kí ó tó tà á.

Nípa kpayo, mo mọ̀ pé òun ló sún mọ́ wa jù ní Kétu, n kò sì lè dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì, omi tàbí ìdọ̀tí lè wà nínú rẹ̀, kẹrosíìnì sì máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì kan gbágbá bí ẹ bá ń gun òkè, kọ̀ǹpútà á wá dín agbára kù kí ó má baà bàjẹ́, awakọ̀ á sì túbọ̀ tẹ epo. Owó rẹ̀ náà ti gòkè láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ẹ fi owó kpayo àti owó epo ilé epo wéra, pẹ̀lú ohun tó ń dín nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹ bá sì ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì sínú ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Iná tó jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n.

Ó wá ku ohun tí wọ́n ní kí ẹ rà. Pọ́ǹpù epo tó rẹ̀ kì í mú kí ọkọ̀ mu epo púpọ̀. Epo tí kò tó ló máa ń gbé wá, ọkọ̀ á máa já kulẹ̀ lórí òkè, ẹ kò sì sọ irú èyí fún mi. Ìńjẹ́kítọ̀ tó ń jò lè jẹ epo, àmọ́ ó máa ń fi ara hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú bùjí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde níṣojú yín, kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà lórí ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá dúdú bí ìdí ìkòkò tí àwọn tó kù sì mọ́, ìńjẹ́kítọ̀ ojú ibẹ̀ ni kí wọ́n yọ wò, òun nìkan. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúdú bákan náà, kò dà bí ẹni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó kan gbogbo wọn pọ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n wá, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti tú rédíétọ̀ yín ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.