Ajílẹ̀ yúríà kì í ṣe DEF: ìdáhùn fún ẹni tó po tirẹ̀ nílé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà. Ford F-250 oní-dísẹ́ẹ̀lì ọdún 2018 ni mo fi ń fa àwọn mọ́tò tí a ń rà ní gbàǹjo lọ sí èbúté, kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Owó DEF (diesel exhaust fluid), ìyẹn omi yúríà tí wọ́n ń dà sínú táńkì ọ̀tọ̀ kó lè dín oró inú èéfín dísẹ́ẹ̀lì kù, ti ń sú mi. Àna mi kan ra àpò ajílẹ̀ yúríà 46-0-0, ó ní òun ti ń fi po DEF láti ọdún tó kọjá, kò sì sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ òun. Èmi náà po gálọ́ọ̀nù mẹ́ta pẹ̀lú omi ẹ̀rọ, mo dà á sínú táńkì. Kò pẹ́ tí dáṣíbọ́ọ̀dù fi kọ ọ́ pé omi inú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé láìpẹ́ ọkọ̀ ò ní lè sáré kọjá máìlì 50 ní wákàtí kan. Ṣé ìwọ̀n tí mo fi pò ó ni kò pé? Kílò mélòó ni kí n fi sí lítà omi kan? Àbí kí n kúkú yọ gbogbo ètò DEF náà dànù lára ọkọ̀? Ó wà lọ́kàn mi láti gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìbàdàn tó bá yá.

Ìdáhùn: Ẹ má tan ọkọ̀ yẹn mọ́. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tàn án ni pọ́ǹpù ń fa nǹkan tí ẹ pò yẹn gba inú àwọn ọ̀nà tóóró, tó sì ń fọ́n ọn sínú sàlẹ́ńsà.

Ìwọ̀n lẹ béèrè, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kọ́ ni ìṣòro yín. Bí ẹ bá fi sikéèlì wọn kílò 32.5 yúríà sínú kílò 67.5 omi, tí gíráàmù kan kò sì yẹ̀, ohun tó ń ba ọkọ̀ jẹ́ náà lẹ ó tún dà sínú táńkì. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí fídíò ìpò-ó-fúnra-ẹ ń kiri lórí WhatsApp, àwọn kan tiẹ̀ ń gbowó kí wọ́n tó fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́. Jìbìtì ni. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá jíjẹ mímu ló ń kó sí i.

Kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí DEF ń ṣe. AdBlue ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù, nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe ìtọ̀, kì í sì í ṣe ohun à ń dà pọ̀ mọ́ epo. Ooru inú ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ débi pé ó ń so nitrogen àti oxygen inú afẹ́fẹ́ pọ̀ di NOx, gáàsì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nọ́súlù kékeré kan wà lára sàlẹ́ńsà tó ń fọ́n DEF sínú èéfín gbígbóná. Ooru èéfín yẹn ló ń sọ yúríà di ammonia. Ammonia àti NOx á jọ wọnú SCR, ìyẹn agolo irin tí wọ́n fi kẹ́míkà pa ihò inú rẹ̀ lára, wọ́n á sì di nitrogen lásán àti oru omi. Sẹ́ńsọ̀ NOx kan wà níwájú agolo yìí, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi tiwájú wé tẹ̀yìn kó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ.

ISO 22241 ni òṣùwọ̀n àgbáyé tó de DEF. Ó ní kí yúríà wà láàárín 31.8 àti 33.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Títí débẹ̀, ẹni tó ní sikéèlì tó dáa lè ṣe é. Ìyókù ni kò ṣeé fi báákẹ́ẹ̀tì ṣe. Calcium kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.5 lọ nínú kílò kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni sodium, potassium, magnesium, irin àti phosphate. Ti bàbà àti zinc kò gbọ́dọ̀ ju 0.2.

Ẹ wá wo omi ẹ̀rọ. Omi tó ní mílígíráàmù 40 calcium nínú lítà kan kì í ṣe omi burúkú, èèyàn ń mu ún, kò sì ń ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fi po DEF: calcium á tó mílígíráàmù 27 nínú kílò kan, ó ju ìlọ́po 50 ohun tí òṣùwọ̀n gbà lọ. Kí ẹ sè é kò ràn án, torí omi ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ inú rẹ̀ ń dúró. Omi inú ike tí ẹ̀ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní iyọ̀ tirẹ̀. Omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ pátápátá ni àwọn tó ń ṣe DEF ń lò.

Mo mọ ohun tí àna yín máa sọ: "Ó dáa, màá ra omi dístílì." Ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Nọ́ńbà 46 ara àpò yẹn ń sọ fún àgbẹ̀ pé nitrogen kó ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Kò sọ bó ṣe mọ́ tó. Kí kóró rẹ̀ má baà dì pọ̀ tàbí kó rún nínú àpò, ilé iṣẹ́ máa ń fi formaldehyde sí i. Òṣùwọ̀n DEF kò gbà ju mílígíráàmù 5 aldehyde, ìyẹn ẹbí tí formaldehyde wà nínú rẹ̀, lọ nínú kílò kan. Lẹ́yìn náà ni biuret, ohun tí yúríà máa ń dà nígbà tí ooru bá so ẹyọ rẹ̀ méjì pọ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ajílẹ̀, àgbàdo kò sì kà á sí. Ẹ po irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún: biuret á jẹ́ 0.325. Òpin tí òṣùwọ̀n gbà ni 0.3. Ẹ ti kọjá òpin kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ omi rárá.

Yúríà tún máa ń mú omi tutù bó ṣe ń yọ́, kò sì ní tètè yọ́ tán, làwọn kan bá gbé e ka iná. Ooru yẹn ń sọ lára yúríà di ammonia lójú ẹsẹ̀. Òun ni òórùn tó ń ta èèyàn nímú yẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n fara balẹ̀ wọ̀n ti yẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará ilé náà ń béèrè bóyá yúríà tí Indorama ń ṣe ní Eleme tàbí èyí tí Dangote ń ṣe ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì lè ṣe é. Yúríà gidi ni, ó sì dára fún àgbàdo àti ìrẹsì, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe DEF kì í ra kóró tí wọ́n fi formaldehyde sí. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń lò, tàbí yúríà tó ṣì jẹ́ olómi nílé iṣẹ́, tí kò tíì di kóró.

Tí a bá tú nọ́súlù ọkọ̀ tó ti mu àpòpọ̀ ilé, èèpá funfun ló máa ń yí ẹnu ihò rẹ̀ ká, ihò mìíràn á sì ti dí pátápátá. DEF tó yẹ kó máa fọ́n ní kùrukùru á wá máa tú jáde ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á máa lu ara páìpù ní òdìkejì. Ibi tó ń lù yẹn á tutù. Yúríà kò ní rí ooru tó máa sọ ọ́ di ammonia, á dì mọ́ irin níbẹ̀, á máa ga sí i lójoojúmọ́. Èèpá òde máa ń yọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, torí yúríà ṣì ni. Ti inú, tó ti gbóná pẹ́, ti di cyanuric acid àti àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Omi kò ràn án, ṣukudíráfà sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni.

Sodium, potassium àti phosphorus kì í dúró sẹ́nu nọ́súlù. Wọ́n á bá èéfín wọ inú SCR, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ibi tí ammonia àti NOx ti ń pàdé. Kò sí bí mẹkáníìkì ṣe máa fọ ìyẹn kúrò. Agolo tuntun ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sì ni.

Kí ló dé tí ọkọ̀ àna yín ṣì ń lọ? Sẹ́ńsọ̀ inú táńkì kò mọ ohun tó wà nínú omi. Ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń wọn bí omi náà ṣe ki tó, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n yúríà. Kò rí calcium, kò rí sodium, kò rí formaldehyde. Bí ẹni tó mọ ìwọ̀n bá po tirẹ̀ dáadáa, sẹ́ńsọ̀ á gbà á wọlé, ìbàjẹ́ á máa lọ lábẹ́lẹ̀ títí sẹ́ńsọ̀ NOx ẹ̀yìn á fi figbe ta: kóòdù P20EE, pé SCR kò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Tiyín yá nítorí pé ìwọ̀n yín náà yẹ̀. Mo fura pé P207F ló máa jáde, ìyẹn kóòdù omi tí kò bá òṣùwọ̀n mu. Ìfura ni o, mi ò rí ọkọ̀ náà.

Èló lẹ tiẹ̀ fẹ́ jèrè? Ká ní DEF yín ń lọ ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún dísẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá jó gálọ́ọ̀nù 1,000 epo, gálọ́ọ̀nù 30 DEF ni. Ní dọ́là 5 fún gálọ́ọ̀nù kan, dọ́là 150 ni gbogbo ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ yéé ra kẹ́ẹ̀gì. Ẹ lọ rà á lẹ́nu pọ́ǹpù níbi táwọn tíréélà ti ń ra epo, ó máa ń dín owó níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè bá SCR sọ̀rọ̀. Èyí kékeré olówó pọ́ọ́kú ń ka kóòdù lásán, kò lè pàṣẹ fún nọ́súlù. Kí wọ́n kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kí wọ́n da táńkì nù pátápátá, kí wọ́n fi omi dístílì ṣan án ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì pààrọ̀ fílítà DEF tí ọkọ̀ yín bá ní. Kí wọ́n tú nọ́súlù, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi dístílì tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ ki abẹ́rẹ́ tàbí wáyà bọ ihò rẹ̀, torí tí ihò bá ti fẹ̀, nọ́súlù ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n da DEF tuntun sí i, kí wọ́n dán nọ́súlù wò bóyá ó ń fọ́n iye tó yẹ, kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ pàṣẹ pé kí ọkọ̀ gbóná láti jó èèpá tó kù. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe èyí, jìnnà sí koríko gbígbẹ, torí ooru sàlẹ́ńsà á ga ju bó ṣe máa ń rí lọ. Ọ̀rọ̀ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lè má lọ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ rìn díẹ̀ kó tó gbà. Tí P20EE bá padà wá lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣeé ṣe kí SCR ti jẹ májèlé. Ẹ má retí kí wáráǹtì san án. Omi tí ẹ pò fúnra yín ò sí lábẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá ń ra DEF, ẹ wo àmì ẹ̀rí API (American Petroleum Institute) àti ISO 22241 lára ike, ẹ wo déètì. Ní ooru 30°C ó ń pé nǹkan bí ọdún kan. Ní 35°C, oṣù mẹ́fà péré. Nítorí náà ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn Houston. Ẹ má fi àrọ tó ti kan epo rí dà á. Tí dísẹ́ẹ̀lì bá ṣèèṣì wọ táńkì DEF, tàbí DEF wọ táńkì epo, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Epo máa ń wú rọ́bà inú ètò DEF, DEF náà sì máa ń ba pọ́ǹpù epo jẹ́. Tí ẹ bá paná ọkọ̀, ẹ mú sùúrù ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó tú orí bátìrì, torí pọ́ǹpù ń fa DEF tó kù lọ́nà padà sínú táńkì.

Ní ti yíyọ gbogbo ẹ̀ dànù: Clean Air Act, òfin Amẹ́ríkà lórí afẹ́fẹ́ mímọ́, lòdì sí i, ẹni tó yọ ọ́ àti ẹni tó ń wà á lè kó sí wàhálà, pàápàá ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò. Ìkéde EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ti August 2025 táwọn èèyàn ń pín kiri dá lórí dídẹ ìdíwọ́ eré nígbà tí DEF bá tán. Kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ SCR.

Ti Ìbàdàn ló kù. Imí-ọjọ́ inú epo ni kí ẹ bẹ̀rù níbẹ̀ ju DEF lọ. Dísẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Òṣùwọ̀n ECOWAS gba 50, èyí tó ń jáde lẹ́nu pọ́ǹpù sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Imí-ọjọ́ ń bo ojú SCR, ó sì ń jẹ́ kí DPF, ìyẹn fílítà tó ń gba èédú inú èéfín, tètè dí, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ọkọ̀ kò ti ní gbóná tó láti jó o. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀ ojú omi, ẹ wá ẹni tó ń ta DEF tó ní àmì ISO, tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já, nítòsí ibi tí ẹ máa gbé. Ẹ sì wá mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó lè bá SCR sọ̀rọ̀, kí ẹ fojú ara yín rí ẹ̀rọ náà. Tí ẹ kò bá rí méjèèjì, ẹ ta F-250 yẹn ní Houston, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra Hilux tí wọ́n ṣe fún ọjà Nàìjíríà.