Báwo ni mo ṣe lè dá àwọn ère Búdà àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi lọ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ọlidé wọn. A ti débẹ̀ rí, àmọ́ gbogbo ère Búdà tó wá láti ọ̀nà Íńdíà ló jọra lójú mi. Kí ni kí n máa wò tí mo fi máa mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá àti ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ní ìtàn iṣẹ́ ọnà ni pé kí wọ́n fi ojú ère sílẹ̀ ná, kí wọ́n wo òkúta àti aṣọ.

Bí òkúta náà bá ní àwọ̀ eérú, tí aṣọ bo èjìká méjèèjì, tó wúwo, tó sì ṣẹ́po ní ìpele-ìpele, Gandhara ló ti wá, ní agbègbè Peshawar ní Pakistan òde òní. Alexander gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún 327 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọba Gíríìkì sì jẹ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìran Kushan wá gba ìjọba, wọ́n ń bá Róòmù ṣòwò. Ìdí nìyẹn tí Búdà ibẹ̀ fi wọṣọ bí ará Róòmù.

Ti Mathura, ní etí odò Yamuna ní gúúsù Delhi, yàtọ̀ pátápátá. Òkúta pupa ni, ó sì sábà máa ń ní àmì funfun tó-tò-tó lára. Àyà rẹ̀ fẹ̀, aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, èjìká ọ̀tún sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á wà lókè, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sí wa. “Má bẹ̀rù” ni ó ń wí. Kanishka, ọba Kushan ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ló ni ibi méjèèjì, síbẹ̀ ẹ wo bí iṣẹ́ wọn ṣe jìnnà síra! Ní tèmi, ti Mathura ni mo fẹ́ràn jù, torí ó dà bíi pé ó ń mí.

Èyí tí aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra láìṣẹ́po, tó sì ń wolẹ̀, á jẹ́ iṣẹ́ Sarnath, nítòsí ìlú Varanasi ní àríwá Íńdíà, nígbà àwọn ọba Gupta, ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi.

Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹni tó jókòó bíi Búdà bá wà ní ìhòòhò, tàbí tó ní àmì láàárín àyà, olùkọ́ ẹ̀sìn Jain, ẹ̀sìn àtijọ́ mìíràn ní Íńdíà, ni, kì í ṣe Búdà.

Àmọ́ ẹ má kúrò níbẹ̀ láì dé ọ̀dọ̀ àwọn òkúta Amaravati, tó wá láti gúúsù Íńdíà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lójú méjèèjì. Ojú kan jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Kristi: àwọn èèyàn ń júbà ìtẹ́ kan lábẹ́ igi, ẹnikẹ́ni ò sì jókòó lórí rẹ̀. Lórí àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀, àti ní Sanchi àti Bharhut, àwọn ibi ìsìn Búdà àtijọ́ ní Íńdíà, wọn kì í gbẹ́ Búdà bí èèyàn. Ìtẹ́, igi, ẹsẹ̀ tó tẹlẹ̀, tàbí àgbá kẹ̀kẹ́ ló ń dúró fún un. Ojú kejì, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ìbí Kristi, ni wọ́n ya stupa sí, òkìtì ńlá tí wọ́n ń kọ́ lé ohun tó ṣẹ́kù lára ẹni mímọ́. Kí àwọn ọmọ tó ka àkọlé rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wá Búdà lójú àkọ́kọ́ yẹn.