PDF ló wà lọ́wọ́ mi: báwo ni mo ṣe máa tọ́ka sí ìwé náà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa ní láíbìrì. Ìkéré-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì àṣejáde lórí ogun Èkìtìparapọ̀. Àwọn ìwé tí mo gbára lé jù, PDF ni ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ mi ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òmíràn wà lórí Kindle nínú fóònù mi, kò sì ní nọ́ńbà ojú ìwé. Sùpáfáísọ̀ mi fi báírò pupa yí àtòjọ ìwé ìtọ́kasí mi ká, ó ní kí n lọ tún un ṣe, kò sì sọ ibi tó kù sí. Ṣé kí n kọ ọ́ pé WhatsApp ni mo ti rí i? Kí ni mo máa kọ fún ti Kindle? APA, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ìlànà títọ́ka sí ìwé, ni wọ́n ní ká lò.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú làálàá. Má kọ WhatsApp o. WhatsApp kọ́ ló kọ ìwé, òun náà kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Telegram, Google Drive àti fíláàṣì tí wọ́n fi dà á sínú kọ̀ǹpútà ẹ. Bí èèyàn bá ní kó o wá kí òun nílé ní Ajílòsun, kò ní máa ṣàlàyé mọ́tò tó o máa wọ̀ kó wá gbàgbé láti sọ nọ́ńbà ilé. Ohun tí ẹni tó ń ka iṣẹ́ ẹ ń wá ni bó ṣe máa dé orí ojú ìwé kan náà tí ìwọ kà.

Nítorí náà, wo PDF yẹn dáadáa kó o mọ irú ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ya àwòrán ìwé títẹ̀ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan ni, ìwé títẹ̀ náà ni, bí ìwé títẹ̀ ni kó o sì ṣe tọ́ka sí i. Ojú ìwé àkọlé nínú lọ́hùn-ún ni kó o ti da orúkọ kọ, má wo ti èèpo ẹ̀yìn. Yí ojú ìwé àkọlé yẹn padà: ọdún, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, àti bóyá ẹ̀dà kìíní ni tàbí ẹ̀dà kẹta, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa ń wà. Àwọn tó ń ya ìwé sórí ẹ̀rọ sábà máa ń fo ojú ìwé yìí.

Jẹ́ ká mú ìwé tó bá iṣẹ́ ẹ mu, èyí tí ọmọ Èkìtì wa, S. A. Akintoye, kọ. Bó ṣe máa rí nìyí lábẹ́ APA:

Akintoye, S. A. (1971). Revolution and power politics in Yorubaland, 1840–1893: Ibadan expansion and the rise of Ekitiparapo. Longman.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọlé ìwé nìkan ni wàá fi lẹ́tà tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kọ. Lẹ́tà ńlá kò pọ̀ níbẹ̀: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àmì olójú méjì (:), àti orúkọ ibi tàbí ti èèyàn. Ìwọ̀nba ohun tó bá wà lójú ìwé àkọlé lo máa mú nínú orúkọ òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n yọ oyè kúrò. Mo mọ̀ pé ó ṣòro ní Èkìtì níbí, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé kò sílé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, síbẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olóyè àti Dókítà kì í wọ àtòjọ. Bí wọn kò bá fi àmì ohùn sórí orúkọ náà nínú ìwé, ìwọ náà má fi sí i.

O máa rí i pé n kò kọ London ṣáájú Longman. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an ni báírò pupa yẹn ti wá. Ẹ̀dà kẹfà ìwé ìlànà APA, ti 2009, ní ká kọ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé. Ẹ̀dà keje, tó jáde ní òpin 2019 tí wọ́n sì kọ 2020 sí lára, yọ ọ́ kúrò. Àwọn Chicago, ìlànà ìtọ́kasí míì, náà kò béèrè ìlú mọ́ láti ẹ̀dà kejìdínlógún wọn ní 2024. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa ṣì ń lo ìwé ìlànà tí wọ́n kọ nígbà ẹ̀dà kẹfà. Lọ bi sùpáfáísọ̀ ẹ léèrè pé ẹ̀dà wo ló fẹ́, kó o sì gba ìwé ìlànà ẹ̀ka yín. Bí tiwọn bá yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kó o tẹ̀ lé, àwọn ni wọ́n máa fún ẹ ní máàkì.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ojú ìwé ló tún kù, ibẹ̀ ló sì gba sùúrù. Ṣí PDF ẹ. Lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ̀rọ lè sọ fún ẹ pé ojú ìwé 37 lo wà. Wá wo ara ìwé náà fúnra ẹ̀, ní igun tàbí ní àárín ìsàlẹ̀: o lè rí i pé 21 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. 21 lo máa kọ. Ẹ̀rọ ka èèpo ìwé, ó ka ojú ìwé ọpẹ́, ó ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí wọ́n fi nọ́ńbà i, ii, iii sí, ẹni tó ní ìwé gidi lọ́wọ́ kò sì ní rí ohun tó o sọ bó bá ṣí 37. Ó tún burú sí i bó bá jẹ́ pé ojú ìwé méjì méjì ni wọ́n yà pa pọ̀.

Ní ti Kindle, kọ́kọ́ wo ètò ìkàwé inú ẹ̀, torí àwọn ìwé kan ní nọ́ńbà ojú ìwé tó bá ti ìwé títẹ̀ mu, ó kàn lè jẹ́ pé o kò tíì jẹ́ kó hàn ni. Bí kò bá sí lóòótọ́, má fi nọ́ńbà location (nọ́ńbà tí Kindle fúnra ẹ̀ fi ń sàmì sí ibi tó o kà dé) rọ́pò rẹ̀; ẹni tí kò lo Kindle kò lè rí nǹkan kan fi ṣe. Kọ nọ́ńbà orí ìwé, kó o wá ka ìpínrọ̀ láti ibi tí orí náà tàbí ìsọ̀rí kékeré inú ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: orí kẹta, ìpínrọ̀ karùn-ún. Kíkà náà máa ń súni, àmọ́ kò sí ọ̀nà míì. Nínú àtòjọ, APA kò ní kó o dárúkọ Kindle rárá bí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò bá yàtọ̀ sí ti títẹ̀. Bí ìwé náà bá ní DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdámọ̀ tí wọ́n fi ń wá ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi sí ìparí pẹ̀lú https://doi.org/ níwájú ẹ̀, má sì fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn ẹ̀. Ìlànà míì tí wọ́n ń pè ní MLA ló máa ń fẹ́ kó o sọ pé ìwé orí ẹ̀rọ ni, ìyẹn kò kàn ẹ́.

Ó dájú pé ìwọ tó o ń kọ̀wé lórí Èkìtìparapọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ Samuel Johnson, kíyè sí ọdún tó o máa kọ fún un. Ó kú ní 1901, ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ kò sì jáde títí di 1921, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un tò. Wọ́n sì ti tún un tẹ̀ láìmọye ìgbà. Bó bá jẹ́ àtúntẹ̀ 2010 ni ẹ̀dà ọwọ́ ẹ, ọdún méjèèjì lo máa kọ sínú ọ̀rọ̀: (Johnson, 1921/2010). Bó o bá kọ 2010 nìkan, ńṣe ló máa dà bíi pé òǹkọ̀wé òde òní kan ló ń ròyìn ogun tí kò ṣojú ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Johnson yìí wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ àlàáfíà sí àwọn tó ń jà ní Kírìjí ní 1886. Nínú iṣẹ́ ìtàn, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Bó bá sì jẹ́ pé inú ìwé ẹlòmíràn lo ti rí ọ̀rọ̀ Johnson, sọ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ, kó o sì kọ ìwé tó o kà gan-an sínú àtòjọ. Ìwé tí ojú ẹ kò kàn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn kéèyàn ní kí AI bá òun to ìwé ìtọ́kasí: ó máa ń ṣẹ̀dá ìwé tí kò sí láyé, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún tó dùn-ún gbọ́. Bọ́tìnnì Cite lórí Google Scholar sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n fi ohun tó bá gbé jáde wé ojú ìwé àkọlé kó o tó lò ó.

Bí PDF tìẹ kò bá wá ní ojú ìwé àkọlé, wo ẹ̀yìn ìwé bóyá ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdámọ̀ ìwé, wà níbẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, Nàìjíríà ni wọ́n ti gba nọ́ńbà náà. Tẹ̀ ẹ́ sórí WorldCat, ìkànnì tí wọ́n to ìwé inú àwọn láíbìrì káàkiri ayé sí, tàbí kó o mú un wá sí láíbìrì tó bá sún mọ́ ẹ, wọ́n á bá ẹ wá ìyókù. ISBN náà kì í wọ àtòjọ APA o, a kàn fi ń wá ìwé ni. Tó o bá wá ọdún títí tí o kò rí i, n.d. (“no date”, ìyẹn ni pé kò sí ọdún) lo máa fi sáàárín àkámọ́ níbi tó yẹ kí ọdún wà.