Písà, éésì àti gààrí: kí ló yẹ ṣọ́jà ní bárékè òkèèrè?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣọ́jà tó lọ jagun nílẹ̀ òkèèrè ò gbọdọ̀ máa jẹ písà lábẹ́ éésì, pé ogun kì í ṣe òde àríyá. Mo gbà pẹ̀lú yín lápá kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ọkọ̀ wo ló gbé e débẹ̀, ta ló sì ń jẹ ẹ́.

Ẹ mú Kandahar ní Afghanístàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣì wà níbẹ̀, Burger King àti Pizza Hut wà ní ọjà onípákó inú bárékè pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2010, Michael Hall, sájẹ́ǹtì àgbà tó ń bá Ọ̀gágun McChrystal, olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Afghanístàn, ṣiṣẹ́, kọ ọ́ síta pé ojú ogun nibẹ̀, kì í ṣe ọgbà ìṣeré, pé kí wọ́n palẹ̀ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà tí Ọ̀gágun Petraeus gba ipò McChrystal lọ́dún yẹn kan náà ló yí àṣẹ náà padà. Àyè inú ọkọ̀ àti bàálù ni Hall ń sọ. Afghanístàn ò létíkun: ẹrù á gúnlẹ̀ ní èbúté Karachi ní Pakístàn, tírélà á wá gbé e gba ẹnubodè Torkham tàbí Chaman wọlé. Láti oṣù 11 ọdún 2011 di oṣù 7 ọdún 2012, Pakístàn ti ọ̀nà méjèèjì pa mọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe wọn.

Bọ́gà kọ́ ló ń gba àyè ọkọ̀ jù o, epo jẹnẹrétọ̀ ni. JP-8 ni wọ́n ń lò, epo bàálù tó fara jọ kẹrosíìnì. Jẹnẹrétọ̀ kìlówáàtì 60 tó bá gbé ẹrù tó kún ń mu bíi gálọ́ọ̀nù 4 àbọ̀ ní wákàtí kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá ti tẹ́ǹtì méjì péré, bíi ẹni tó fi jẹnẹrétọ̀ báǹkì tan gílóòbù kan. Tí ẹrù orí rẹ̀ bá ń wà lábẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó, epo tí kò jóná á máa rọ́ sínú ẹ̀sọ́ọ̀sì, á dúdú, á máa kán tótó bí ọ̀dà. Ẹ gbé ẹrù tó pọ̀ lé e fún wákàtí mélòó kan kó lè jó o dànù. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ so tẹ́ǹtì púpọ̀ mọ́ ẹyọ kan, kí ẹ pa èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ta àwọ̀n ìbòòrùn sókè tẹ́ǹtì, kí ó má fara kàn án, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá.

Mi ò ní yọ éésì ṣá. Ẹni tó ṣọ́nà mọ́jú gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án, ooru Kandahar nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ń kọjá ìwọ̀n 40 Sẹ́síọ́sì. Ẹ wo inú tẹ́ǹtì!

Ohun tó ń dun àwọn tó wà ní ibùdó kéékèèké ni pé ibi tí ìbọn ti ń dún gan-an, MRE, oúnjẹ ológun ẹlẹ́nìkan inú ọ̀rá, ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀rọ ìgbóúnjẹgbóná inú rẹ̀ ò fẹ́ ju omi díẹ̀ lọ. Tí omi bá kọjá ìlà ara ọ̀rá, oúnjẹ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ẹ má ṣáná sígá nítòsí rẹ̀, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbiná. UGR-E, oúnjẹ ológun alápapọ̀ tó ń gbé ara rẹ̀ gbóná, ni kí wọ́n máa kó lọ fún wọn: páálí kan ń bọ́ ènìyàn 18, ẹ fa okùn rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 45 ó ti gbóná.

Ní ti fóònù, kò gba àyè nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọ ogun kan bá kú, wọ́n á gé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì pa títí wọ́n á fi sọ fún ẹbí rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún ìyàwó àti ìyá kí ọmọ tó lọ, kí wọ́n má bàa máa sunkún nítorí pé wọn ò gbóhùn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, gààrí Ìjẹ̀bú ni kẹ́ ẹ rán. Omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà, ó parí. Ẹ dì í sínú ọ̀rá onísíìpù méjì, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ má fi ọṣẹ sínú páálí kan náà, gààrí á gba òórùn rẹ̀. Ẹ fi epo pupa sílẹ̀, ìdérí á tú lọ́nà. Ọtí ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, òfin kọ̀ ọ́ fún wọn. Orúkọ ọmọ, ẹgbẹ́ ológun rẹ̀ àti nọ́ńbà APO, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà, ni kẹ́ ẹ kọ sí àdírẹ́sì. Tí ẹ bá kọ orúkọ ìlú tàbí orílẹ̀-èdè sí i, ó lè lọ bọ́ sọ́wọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀.