Ìbọn inú ìwé ìròyìn kọ́ ni wọ́n máa tà fún ọ

Àbúrò mi, olórí ẹ̀ṣọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ọ̀gá yín ní kí o yan ìbọn ìléwọ́ tuntun tí ẹ máa lò. O ka ìwé ìròyìn Faransé kan tó kan sáárá sí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó ní kì í há, pé ó bọ́ sọ́wọ́ dáadáa, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé gbára lé. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìbọn ìjọba ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì sí Kétu níbí. Ohun tí wọ́n bá fi irinṣẹ́ wọ̀n, gbà á gbọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kò ní já ọ kulẹ̀, má tìtorí ìyẹn ná owó ọ̀gá rẹ.

Ojú mi rí i. Nígbà kan tí wọ́n fẹ́ ra ìbọn fún wa, ẹni tó fẹ́ tà á gbé ọ̀kan wá kí a yìn ín wò, ó sì mú ìwé ìròyìn tó gbóríyìn fún un dání. Ìbọn náà dùn lọ́wọ́, kò há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹrù wá dé, orúkọ kan náà ni, àwọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yìn wọ́n ni wọ́n ń há. Mo tú ọ̀kan nínú wọn, mo tú ti àkọ́kọ́, mo tẹ́ méjèèjì sórí aṣọ. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọta máa ń gùn kó tó wọ inú ọ̀pá ìbọn, ti àkọ́kọ́ ń dán bíi dígí, ẹnì kan ti jókòó fọwọ́ dán an. Ti inú àpótí, mo fi èékánná fà á, ó ń kọ́ mi lára ìlà tí ẹ̀rọ tó gé irin náà fi sílẹ̀. Ọta olórí róbótó ń rí ibẹ̀ gùn kọjá. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ á fi ẹnu gún ibẹ̀, á sì dúró. Sípíríǹgì inú àpò ọta wọn, èyí tó ń ti ọta sókè sínú ìbọn, kò le tó ti àkọ́kọ́ náà. Inú bí mi gan-an, nítorí ojú títì lóru ni àwọn ọmọ tí a fẹ́ kó o fún ń lọ.

Mi ò sọ pé akọ̀wé náà parọ́. Ohun tí wọ́n fún un ló kọ nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn ló sábà máa ń yá wọn, òun náà ló sì ń yan èyí tó máa fi ránṣẹ́. Ìgbà mìíràn, àpẹẹrẹ tí wọ́n ṣe ṣáájú ti ọjà ni. Wo Remington R51. Àwọn akọ̀wé ìbọn ní Amẹ́ríkà ti yìn ín wò kó tó dé ọjà, wọ́n sì kọ ohun tó dáa nípa rẹ̀. Nígbà tí aráàlú ra tiwọn ní 2014, ó ń há. Láàárín ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ náà ní kí àwọn tó rà á dá a padà gba tuntun, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ìgbà tí àwọn kúrò lórí àpẹẹrẹ bọ́ sórí ṣíṣe é lọ́pọ̀ ni nǹkan wọ́. Ó di 2016 kó tó padà sójú ọjà.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí akọ̀wé kì í dán wò rárá. SIG Sauer P320 jáde ní 2014, ìwé ìròyìn gbé e gẹ̀gẹ̀, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yan ẹ̀yà rẹ̀ ní oṣù kìíní 2017. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn kan fi hàn gbangba pé tó bá já bọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀ lọ́nà kan, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n kó o wá fún àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Akọ̀wé wo ló máa la ìbọn tí wọ́n yá a mọ́ kọ̀ǹkéré? Ọta tí wọ́n ń yìn náà kì í pọ̀, ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ọta tuntun, níbi tó mọ́ tónítóní. Beretta 92 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1985, ẹ̀yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta ni irin òkè tó ń lọ tó ń bọ̀ lára àwọn kan nínú rẹ̀ tó kán, tí wọ́n fi mú kí orí irin kan nínú rẹ̀ tóbi sí i, kí irin òkè tó bá kán má baà fò lu ojú ẹni tó ń yìn ín.

Nítorí náà, nígbà tí o bá ń ka ìwé yẹn, ìwúwo rẹ̀, gígùn rẹ̀, iye ọta tó ń gbà, bí wọ́n ṣe ń tú u, iye kílò tí ìka fi ń fà á, gbogbo ìyẹn ṣeé mú lò. Wá iye ọta tí wọ́n yìn àti irú rẹ̀. Tí o bá rí i kà pé lẹ́yìn páálí ọta àkọ́kọ́ ó lọ geere, ó há nínú páálí àkọ́kọ́ nìyẹn. Yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò pẹ̀lú, bóyá ìpolówó ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló gba ojú ewé.

Èyí tó ti pẹ́ lójú ọjà ni èmi ì bá yàn. Àwọn ọmọ ogun Austria ti gba Glock 17 láti 1982, àléébù irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti hàn tipẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ sì ṣeé rí rà. Ìwé ìròyìn kì í sọ fún ọ pé tí irin tó ń fa èèpo ọta jáde bá kán lára ìbọn tuntun, o lè dúró títí kí òmíràn tó gba Kútọnu wọlé.

Tó bá jẹ́ tuntun náà ni ọ̀gá yín fẹ́, ìwọ fúnra rẹ ni kí o fa ọ̀kan yọ nínú àpótí tí wọn kò tíì tú. Ìlú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni Kétu, kò sí ọdẹ níbí tó máa san owó ṣakabùlà láìjẹ́ pé ó yìn ín. Irú ọta tí àwọn ọmọ rẹ máa gbé lóòótọ́ ni kí o fi yìn ín, ó kéré tán 200, kí ó jẹ́ ìgbà ọyẹ́ tí eruku wà nínú afẹ́fẹ́. Fi nọ́ńbà sí àpò ọta kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti há, kọ nọ́ńbà àpò náà sílẹ̀, wàá mọ̀ bóyá àpò ni tàbí ìbọn fúnra rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ fún ọ, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Kọ irú ọta tí ẹ ń lò ránṣẹ́ sí mi, kí o sọ bóyá orí rẹ̀ rí róbótó tàbí ó tẹ́. Tí n bá ti mọ ìyẹn, màá lè sọ bóyá kí o ṣì máa lé èyí tí o dárúkọ yẹn.