Ọmọ mi fẹ́ máa kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì: báwo ni ọ̀nà náà ṣe rí?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀jọ̀gbọ́n, okun o. Tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìyàrá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, gba A1 nínú ìṣirò ní WAEC. Ó ní applied mathematics lòun fẹ́ kà, pé yunifásítì lòun sì ti fẹ́ máa kọ́ni. Bàbá wọn kékeré ní iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn, kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, torí pé ẹni tó bá ka ìṣirò kì í kọjá tísà sẹ́kọ́ńdìrì. Kájú ni bàbá rẹ̀ ń tà, owó ilé wa kò pọ̀. Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an? Ọdún mélòó ni? Ibo lowó rẹ̀ á ti wá? (Màmá Bọ́lá)

ÌDÁHÙN: Màmá Bọ́lá, okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ.

Kí n tó sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ẹ bá mi wá kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan tí ara rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìṣó dá ihò kékeré kan sí i lára nítòsí ìdí. Ẹ pọn omi sí i, kí ẹ fi bírò sàmì sí ìdajì gíga omi náà, láti ojú ihò sókè. Kí Bọ́lá mú fóònù, kó máa ka ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé iye ìṣẹ́jú tí ìdajì òkè bá gbà ni ìdajì ìsàlẹ̀ náà á gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni agbára tó ń tì í jáde ń dín kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá máa gba ìṣẹ́jú 10, ìdajì òkè á ti dà tán kí ìṣẹ́jú 3 tó pé. Ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan á gba ju 7 lọ. Torricelli, ará Ítálì kan, ló rí òfin tó wà nídìí rẹ̀ láyé 1640 sí 1650.

Ẹ wá wo ojú ọmọ náà. Bó bá béèrè pé bí ihò bá fẹ̀ sí i ńkọ́, tàbí bó bá jẹ́ korobá tẹ́nu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ ńkọ́, tó sì fa ìwé yọ láti ṣe é wò, ọmọ iṣẹ́ wa nìyẹn. Mo gbẹ́kẹ̀ lé èyí ju A1 lọ, nítorí mo ti kọ́ àwọn tó gba A1 tí ìbéèrè kankan kò sí lẹ́nu wọn.

Irú ìbéèrè kẹ́ẹ̀gì yẹn náà ló wà ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Lọ́dún 2012 àti 2022, omi gba ilé, ó gba oko, ọ̀nà Gánájà kò ṣeé rìn. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ ní ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù, ọjọ́ mélòó ló máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, báwo ló sì máa ga tó nígbà tí Ọya náà bá ti kún? Ẹni tó ń fi differential equation (ìṣirò tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà) àti kọ̀ǹpútà wá ìdáhùn yẹn, iṣẹ́ applied mathematics ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ibà náà nìyẹn. Ronald Ross, dókítà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1902 torí pé ó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, ṣírò ó débi tó fi rí i pé kò di ìgbà tí a bá pa gbogbo ẹ̀fọn tán kí ibà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Bí iye wọn bá ti rẹlẹ̀ dé ìwọ̀n kan, àìsàn náà á máa kú lọ fúnra rẹ̀. Tí Bọ́lá kò bá wá kọ́ni mọ́, ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò àti àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ń wá irú wọn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ti pé obìnrin ni lé ọmọ kúrò nídìí ìṣirò. Grace Alele-Williams gba oyè dókítà ní Yunifásítì Chicago lọ́dún 1963, lórí bí a ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò. Òun lobìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1985, ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, obìnrin kankan kò sì tíì jẹ irú ipò yẹn rí nílẹ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún bàbá wọn kékeré.

Ní ti ọdún, ọ̀nà náà jìn. Ọdún 4 ni dìgírì àkọ́kọ́, ọdún kan fún agùnbánirọ̀, nǹkan bí ọdún 2 fún másítà, PhD kì í sábà dín ní ọdún 3. Ọdún 14 lèmi lò láti ọjọ́ tí mo wọlé. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi gba orí ìwé kan lọ́wọ́ mi, oṣù 8 ló fi wà lórí tábìlì rẹ̀ láìkà. Bí Bọ́lá bá dé ibẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tí ọ̀gá náà ti tọ́ jáde kó tó yàn án. Ẹni tí èsì rẹ̀ dára lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Graduate Assistant, ipò olùkọ́ tó kéré jù ní yunifásítì, kó tó ní másítà, ṣùgbọ́n láìsí PhD kò ní lè gòkè dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n.

Màmá Bọ́lá, ọdún àkọ́kọ́ ló ń já àwọn ọmọ wa kulẹ̀ jù. Wọ́n á dé, wọ́n á rí òmìnira, wọ́n á ní àwọn á múra tó bá yá. Ní ibi tí àmì tó ga jù nínú àròpọ̀ èsì (CGPA) bá ti jẹ́ 5, first class bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, second class upper láti 3.50. Ká ní Bọ́lá mú 2.80 lọ́dún àkọ́kọ́, tí iṣẹ́ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Kódà kó gba A, ìyẹn 5, nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tó kù, 4.45 ló máa jẹ́. First class ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 19. Wọn kì í sì í gba Graduate Assistant tí èsì rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ second class upper. Kó kọ ìṣirò yìí sára ògiri yàrá rẹ̀.

Ní ti owó, yunifásítì ìjọba ni kó lọ. Ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja láti 2011 sún mọ́ ilé. Ìlọrin náà kò jìnnà sí wa nínú ìtàn. Kwara ni gbogbo wa títí di 1991. Ẹ bi wọ́n léèrè NELFUND, ẹ̀yáwó ìjọba tí kò ní èlé, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024: ó ń san owó ilé-ìwé. Tó bá di ti másítà, AIMS, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa lọ́dún 2003, tó sì ní ẹ̀ka ní Ghana, Senegal, Kamẹrúùnù àti Rwanda, ń fún ọmọ tó bá yege ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran àwọn ilé-ìwé gíga ìjọba lọ́wọ́, wà fún PhD. N kò ní tan yín: owó oṣù olùkọ́ yunifásítì kò tó iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyanṣẹ́lódì 2022 sì gba oṣù 8 lọ́wọ́ wa. Mo ṣì ń jí lọ sí kíláàsì pẹ̀lú ayọ̀.

Ní JAMB, kó mú ìṣirò, físíìsì àti ọ̀kan nínú kẹ́mísírì tàbí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé mọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó sì yẹ ìwé àlàyé JAMB wò fún ilé-ìwé tó bá yàn. Kó tó ṣe ìyẹn, kó ṣe ti kẹ́ẹ̀gì yẹn ní Sátidé, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kó kọ iye ìṣẹ́jú ìdajì òkè àti ti ìdajì ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti ṣe ti korobá náà kún un, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kà á.