Níbo ni àwọn émérádì, òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé, inú adé tí Napoleon fún Marie Louise wọlé sí?

Wọ́n ti tú wọn tà. Ilé iṣẹ́ Nitot ní Paris ló ṣe adé náà lọ́dún 1810, nígbà tí Napoleon ń gbé Marie Louise níyàwó. Émérádì 79 ló wà lára rẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí sì bá a rìn. Lẹ́yìn ikú obìnrin náà, ọwọ́ àwọn ẹbí rẹ̀, ìdílé Habsburg, ni adé wà títí Karl Stefan fi tà á fún Van Cleef & Arpels, ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, lọ́dún 1953. Oníṣòwò kúkú ni wọ́n: wọ́n yọ émérádì náà kúrò, wọ́n tò wọ́n sára ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn, wọ́n sì polówó wọn nínú ìwé ìròyìn pé ara adé Napoleon ni wọ́n ti wá. Turquoise 79, òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run láti ilẹ̀ Persia, ni wọ́n fi dípò. Lọ́dún 1971, Marjorie Merriweather Post, obìnrin olówó ará Amẹ́ríkà, rà á fún Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington. Ẹ débẹ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run lẹ máa rí, kì í ṣe àwọ̀ ewé. Àmọ́ dáyámọ́ńdì 1,006 ló yí i ká. Ní ti ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí tí émérádì tiwọn ṣì wà lára wọn, àwọn olè jí wọn ní Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, ní oṣù kẹwàá ọdún 2025.